Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Iléèwé Lọ Wo Iṣẹ́ Aṣọ Òfì ní Ìlọrin

Láàárín àwọn olùkọ́ tó wà ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti káàkiri gúúsù Kwara, ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀: báwo ni èèyàn ṣe lè kó odidi kíláàsì lọ síbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì, tí a tún ń pè ní aṣọ òkè, kí àwọn ọmọ rí iṣẹ́ náà dáadáa, kí iṣẹ́ ẹni tó gbà wọ́n lálejò má sì bàjẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni mo tò sílẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ ọdún 9 sí 14 ni mo ní lọ́kàn. Tí àwọn tiyín bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dín àkókò kù, kí ẹ sì fi àgbàlagbà kún àwọn tí yóò bá wọn lọ.

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: àgbàlá ahunṣọ kì í ṣe ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó ní tíkẹ́ẹ̀tì àti òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà láti máa ṣàlàyé fún àlejò. Ibi iṣẹ́ ni, inú ilé àwọn èèyàn ló sì wà. Aṣọ tó bá ti ọwọ́ ahunṣọ jáde ló ń mówó wọlé fún un, nítorí náà gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi dá ọmọ yín lóhùn, ọ̀kọ̀, ìyẹn igi tó fi ń ju òwú gba inú aṣọ, kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn mi dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí àwọn ọmọ máa wò

Ẹ má ṣe gbèrò láti fi ohun gbogbo hàn wọ́n lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ mẹ́rin tó ń tẹ̀ léra ló tó wò láàárọ̀ kan: yíyí òwú mọ́ igi kékeré tí yóò wọnú ọ̀kọ̀, títa òwú, ìyẹn nínà án gbọọrọ lára àwọn èèkàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, híhun fúnra rẹ̀, àti rírán àwọn ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà pọ̀ kí wọ́n tó di ìró, gèlè tàbí agbádá. Tí ẹ bá rí àgbàlá kan tí wọ́n ti ń ṣe mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti tó yín.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òwú ilé-iṣẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n máa rí. Olùkọ́ tó bá ti ka orúkọ sányán, àlàárì àti ẹtù, àwọn oríṣi aṣọ òfì àtijọ́, sí wọn létí ní kíláàsì lè mú kí wọ́n retí àti rí ilé kòkòrò tí wọ́n ti ń fa òwú sányán, tàbí ìkòkò aró tí wọ́n fi ń pa òwú ẹtù láró. Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá, wọn kò ní rí i. Ohun tí wọ́n máa rí ni òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi àti èyí tó ń dán yinrinyinrin, tí wọ́n rà lọ́jà. Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò yí padà nítorí èyí, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò sọ fún yóò rò pé wọ́n tan òun ni.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ lọ?

Ààrọ̀ ló dára jù, láti bí aago 9 sí aago 12. Oòrùn kò tíì mú, ara àwọn ahunṣọ ṣì yá, ẹ ó sì ti kúrò kí àkókò ìrun ọ̀sán tó wọlé. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ̀ ni kí ẹ mú. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀, torí ní ìlú bí Ìlọrin, kò ní pẹ́ tí àwọn èèyàn máa fi bẹ̀rẹ̀ sí í múra mọ́ṣáláṣí, ọ̀nà yóò sì dí.

Nínú ọdún, àwọn àkókò tí ó le nìyí:

- Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Iléyá àti ọdún ìtúnu ààwẹ̀, àti oṣù Kejìlá tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀. Aṣọ oníbàárà ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó ráyè yín.
- Oṣù Ràmàdánì. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dára kí ọgbọ̀n ọmọ máa jẹ súyà àti bísíkíìtì níwájú aláàwẹ̀. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, nítorí oṣù náà máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún.
- Ìgbà tí òjò bá ti mú ṣinṣin. Abẹ́ àtíbàbà ni ahunṣọ máa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n òwú tó ta gbalaja síwájú rẹ̀ lè wà ní gbangba. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á ká a kúrò, ìran sì parí.

Sáà kejì, láàárín oṣù Kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ni mo fẹ́ràn jù lọ́dún tí ààwẹ̀ kò bá bọ́ sí i. Eruku ọyẹ́ nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, pàápàá fún ọmọ tó bá ní ikọ́ fée.

Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà

1. Ẹ wá àgbàlá náà nípasẹ̀ ẹni tó mọ̀ wọ́n. Òbí tó ń ta aṣọ òkè, aránṣọ tó ń rán an, tàbí olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ agboolé tó wà nítòsí lè mú yín lọ. Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà ojúlùmọ̀ wọlé kò ní ṣàlàyé títí kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

2. Ẹ lọ fúnra yín láìmú ọmọ kankan dání, ní irú ọjọ́ àti irú wákàtí tí ẹ fẹ́ mú wọn wá. Ẹ ka iye òfì, ìyẹn ohun èlò tí wọ́n fi ń hun aṣọ, tó ń ṣiṣẹ́ níṣojú yín, kì í ṣe iye tí wọ́n ní. Ẹ wo ibi tí ọmọ mẹ́wàá lè dúró sí láìtẹ òwú mọ́lẹ̀, ibi tí òjìji wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí àwọn ọmọ lè lò, àti ibi tí bọ́ọ̀sì lè yí padà sí. Ọ̀nà inú àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìlọrin tóóró. Ó ṣeé ṣe kí ẹ gbé ọkọ̀ sí títì, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn wọlé.

3. Ẹ rí mágàjí tàbí olórí ilé náà kí ẹ tó bá ahunṣọ kankan ṣe àdéhùn. Bí ilé náà bá ní kí ẹ fi tó alángùwá àdúgbò létí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí kì í gbà ju ìkíni àti àlàyé ṣókí lọ, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fò ó, ìbéèrè “Ta ló ní kí ẹ wá?” lè pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà níṣojú àwọn ọmọ.

4. Ẹ fẹnu kò lórí owó. Ẹ má ṣe dúró kí ahunṣọ dá iye kan, nítorí ojú á máa tì í, á ní “Ohun tí ẹ bá ní náà ni kí ẹ mú wá.” Ẹ bi í ní ohun tí ó máa ń rí tó bá hun aṣọ láti àárọ̀ dé ọ̀sán, kí ẹ fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí iye àwọn tí iṣẹ́ wọn máa dúró. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣàlàyé náà ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan. Ẹ san díẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ san ìyókù lọ́jọ́ náà gan-an.

5. Ẹ gba ìyọ̀ǹda. Ọ̀gá iléèwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i; tí iléèwé yín bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ bi í bóyá ìwé náà gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí lẹ́tà náà sọ ibi tí ẹ ń lọ, wákàtí tí ẹ máa gbéra àti èyí tí ẹ máa dé, iye owó, aṣọ tí ọmọ máa wọ̀, kí ó sì ní àyè tí òbí máa kọ àìsàn ọmọ àti nọ́ńbà fóònù sí. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá buwọ́ lùwé kò gbọdọ̀ wọkọ̀, bó ti wù kó sunkún tó.

6. Ẹ ṣètò ọkọ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán máa gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Ìlọrin. Kí wọ́n tètè gbéra, nítorí ẹnu ìwọ̀lú àti agbègbè ọjà lè gba àkókò ju ojú ọ̀nà lọ. Ẹ wo táyà, bíréèkì àti ìwé àṣẹ awakọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má fi ìyẹn sí àárọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọmọ kan, àyè ìjókòó kan.

7. Ẹ múra àwọn ọmọ sílẹ̀. Ẹ mú ọ̀já aṣọ òfì kan wá sí kíláàsì, ègé tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ aránṣọ náà tó. Kí wọ́n fi rúlà wọn ìbú rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù máa ń wà láàárín íǹṣì 4 sí 6. Kí wọ́n wá ṣe ìṣirò: tí ọ̀já kan bá fẹ̀ tó íǹṣì 5, mélòó ni a máa rán pọ̀ kí aṣọ tó fẹ̀ tó íǹṣì 60? Ọmọ tó bá ti rí 12 lórí ìwé yóò fi ojú mìíràn wo ahunṣọ tó ń hun ọ̀já kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń fẹ́ fi ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Èsìẹ́ kún ìrìn-àjò yìí. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ tó wò dáadáa, àti pé òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, láti ọdún 1945. Ìyẹn gan-an ni mo fi sọ pé kí ẹ fún un ní ọjọ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá so méjèèjì pọ̀, inú bọ́ọ̀sì ni àwọn ọmọ ti máa lo àkókò jù.

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ọkọ̀ tó gbéra

- Rẹ́jísítà àwọn ọmọ tó ń lọ, ẹ̀dà méjì: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan ní iléèwé
- Lẹ́tà òbí tí wọ́n ti buwọ́ lù
- Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, àti oògùn ìfàsímú ọmọ tó bá ní ikọ́ fée
- Omi mímu, àti ọ̀rá fún ẹni tí ọkọ̀ bá ń bì
- Àgbàlagbà kan fún ọmọ mẹ́wàá, yàtọ̀ sí awakọ̀
- Ìwé pélébé, pẹ́ńsù, rúlà àti ṣọ́ọ̀kì
- Ìyókù owó ahunṣọ nínú àpòòwé

Nínú àgbàlá

Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ̀yin olùkọ́ kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú sàláámà, kí wọ́n dá yín lóhùn kí àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé yín. Àwọn ọmọ á kúnlẹ̀, á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ẹ fi ìyẹn kọ́ wọn nílé, tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà, ariwo ni yóò dà.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọ̀wọ́ kan á wà níbi tí wọ́n ti ń yí òwú, ọ̀kan níbi tí wọ́n ti ń ta á, ọ̀kan nídìí òfì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Tí ọmọ yín bá ju ọgbọ̀n lọ, ẹ pín ìrìn-àjò náà sí ọjọ́ méjì. Mo mọ̀ pé owó ọkọ̀ yóò lé sí i, síbẹ̀ ọgọ́ta ọmọ nínú àgbàlá kan kò ní rí ju ẹ̀yìn orí ara wọn lọ.

Ibi tí ewu wà jù ni ilẹ̀ tó wà níwájú ahunṣọ. Òwú títa náà gùn jáde láti inú òfì lọ sí ọ̀ọ́kán, a sì so ìdí rẹ̀ mọ́ ẹrù òkúta tí ó fà á le. Ọmọ tó ń sáré kò ní rí i, nítorí ìsàlẹ̀ ló wà. Bó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ, òun á ṣubú, òwú á já, ahunṣọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òkúta náà sì máa ń wu àwọn ọmọ láti jókòó lé. Kí olùkọ́ kan dúró sí ìhà ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí iṣẹ́ rẹ̀ má ju èyí lọ. Ẹ tún sọ fún wọn pé réésà tí wọ́n fi ń gé òwú wà káàkiri, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun nílẹ̀.

Nídìí òfì, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kàn máa wo àwọ̀ aṣọ. Ẹ darí ojú wọn sí ẹsẹ̀ ahunṣọ. Ó tẹ ìtẹsẹ̀ kan, apá kan òwú náà gòkè, apá kejì lọ sílẹ̀, àlàfo ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Ó ju ọ̀kọ̀ gba inú àlàfo náà, ọwọ́ kejì gbà á, ó gbá òwú náà wọlé kí ó lè dì, lẹ́yìn náà ló wá tẹ ìtẹsẹ̀ kejì. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa fẹnu kà á tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́: tẹ̀, jù, gbà, gbá. Láìpẹ́ wọ́n á rí i pé ẹnu àwọn kò lè bá ọwọ́ rẹ̀ mu mọ́, ibẹ̀ ni ìbéèrè gidi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan tí mo gba gbogbo yín níyànjú láti ṣe: bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá dé ìdí òfì, kí ọmọ kan fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹrù òkúta náà. Bí ahunṣọ ṣe ń hun, tó sì ń ká aṣọ tó ti parí mọ́ igi tó wà níwájú ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi rúlà wọn bó ṣe rìn tó. Ìwọ̀n kékeré náà ni gbogbo aṣọ tó jáde ní àkókò yẹn, ó sì ń dáhùn ìbéèrè “Kí ló dé tí aṣọ òkè fi wọ́n?” ju àlàyé olùkọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ahunṣọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin kàn ń tún un sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn tí wọn kò gbọ́. Tó bá pe ohun èlò kan ní orúkọ tó yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé yín, ẹ kọ ti ẹnu rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Èyí tó ń dunni jù ni kí olùkọ́ bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ kan “kàn gbìyànjú rẹ̀ wò” lórí aṣọ oníbàárà. Ojú lè ti ahunṣọ láti kọ̀, ṣùgbọ́n àmì ibi tí ọmọ náà ti hun kò ní kúrò lára aṣọ àfi tó bá tú u. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ bẹ̀ ẹ́ nígbà ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ pé kí ó ta òwú díẹ̀ sórí òfì tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ sì san owó òwú náà.

Àṣìṣe kejì jẹ́ ti fóònù. Kì í ṣe gbogbo aṣọ tó wà lórí òfì ni a lè yà ní fọ́tò. Ó lè jẹ́ aṣọ ẹbí tí oníyàwó kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pátánì tuntun tí ahunṣọ kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tètè hun. Ẹ bèèrè lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá gbà kí ẹ yà á, ẹ tún bèèrè bóyá ẹ lè gbé e sórí WhatsApp àwọn òbí. Fọ́tò àwọn ọmọ náà nílò ìyọ̀ǹda òbí.

Ẹ má ṣe sanwó níṣojú àwọn ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n máa ná ọjà nínú àgbàlá. Oúnjẹ, inú bọ́ọ̀sì tàbí iléèwé ni kí wọ́n ti jẹ ẹ́.

Bí ọmọkùnrin kan bá sì sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin nìkan ni híhun aṣọ, ẹ rán an létí kíjìpá, aṣọ fífẹ̀ tí àwọn obìnrin Yorùbá ń hun lórí òfì olóròó tiwọn.

Bí ẹ kò bá lè lọ

Owó lè má tó, ọ̀nà lè má dára, òbí lè kọ̀. Ẹ lè pe ahunṣọ kan wá sí iléèwé pẹ̀lú ọ̀kọ̀, òwú tó ti yí, àti ọ̀já aṣọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Owó ọkọ̀ ẹnì kan kò tó ti ọgbọ̀n ọmọ. Ẹ sì lè jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi páálí hun tirẹ̀:

1. Ẹ gé páálí líle tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó sì fẹ̀ ní 15.
2. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ojú kéékèèké 15 sí etí òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí àlàfo ìdajì sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn.
3. Ẹ so òwú mọ́ ojú àkọ́kọ́, kí ẹ máa nà án láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ojú yóò fi tán, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn. Kí ó le, ṣùgbọ́n kí páálí má tẹ̀.
4. Ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá tí kò mú fa òwú aláwọ̀ mìíràn gba orí ọ̀kan, abẹ́ ọ̀kan, títí dé etí kejì. Bí ẹ bá ń padà, èyí tí ẹ gba orí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ gbà.
5. Lẹ́yìn ìlà mẹ́ta mẹ́ta, ẹ fi ìyarun tì wọ́n pọ̀.

Èyí tó máa ń bàjẹ́ níbí ni pé àwọn ọmọ máa ń fa òwú jù létí, aṣọ náà á wá fún láàárín. Kí wọ́n fi òwú sílẹ̀ díẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fà á.

Lẹ́yìn tí ẹ bá padà

Ní ọjọ́ kejì, kí àwọn ọmọ kọ ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà sílẹ̀ láìwo ìwé, kí ẹ wá fi ìwọ̀n ìlà ṣọ́ọ̀kì àwọn ọ̀wọ́ wé ara wọn. Ẹ fi lẹ́tà ọpẹ́ ránṣẹ́ sí ilé náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá ya fọ́tò pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, ẹ tẹ ọ̀kan jáde fún wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà dé ibẹ̀, iye tí ẹ san, ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí àti ohunkóhun tí ahunṣọ ní òun kò fẹ́ mọ́, kí ẹ fi sínú fáìlì iléèwé fún olùkọ́ tí yóò kó kíláàsì tó kàn lọ.